Ṣé Kòkòrò Ni Ó Wà Nínú Oríkèé?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá ní ẹ̀ẹ̀kan yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò owó tí àwọn akọ̀wé wa ń sá fún. Ọ̀rọ̀ oríkèé ara ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè pé kí ni ó kan alábẹ̀wò ẹgbẹ́ nínú oríkèé, inú ìwé àyálò ni a ti bá a pàdé.

Ní ọdún tí ó kọjá, a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń yan gàrí. Bí a ti ń ṣí ìwé àyálò, a rí orúkọ ẹnìkan tí ó yáwó lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mọ́kàndínlógún. Ní ẹ̀ẹ̀kíní, ₦40,000, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ kedere. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ₦60,000, lẹ́tà náà ti ń wọ́ bí ìkọ̀wé ọmọdé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ₦75,000, kò kọ orúkọ mọ́, ìka ni ó tẹ̀. Ohun kan náà ni akọ̀wé kọ sí iwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "ìtọ́jú ara." Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ wíwo ìwé mọ̀ pé bí ẹni tí ó ń kọ orúkọ rẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ka, ó yẹ kí a béèrè. A rò pé ẹlòmíràn ni ó fi orúkọ rẹ̀ gba owó. A ní kí wọ́n pè é wá.

Ó wá. A ó máa pè é ní Ìyá Onígàrí níhìn-ín. Kò ju ẹni ọdún 43 lọ. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wa lórí tábìlì. Oríkèé ìdí ìka wú ní ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n wú bákan náà ní ọwọ́ òsì, àwọn ìka fúnra wọn sì ti ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó. Ṣé ọwọ́ yìí lè di bírò mú?" Ojú tì wá.

Ó ṣàlàyé bí owó náà ti lọ. Ti àkọ́kọ́ lọ sí ilé ìtajà oògùn: kápúsù apakòkòrò aláwọ̀ méjì, àti abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí wọ́n sọ fún un pé kòkòrò ti wọ inú oríkèé rẹ̀. Èkejì lọ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń gbé ẹ̀rọ kékeré káàkiri ọjà. Ọkùnrin yìí ní kí ó di irin kan mú, ẹ̀rọ náà sì "ka" iye kòkòrò tí ó wà nínú eegun rẹ̀. Ẹ̀kẹta lọ sórí oògùn inú ìgò tí kò ní orúkọ. Èyí nìkan ni ó ṣiṣẹ́. Ó ní ara òun yá gágá fún oṣù méjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun kún, àwọn ènìyàn tilẹ̀ ń kí òun pé òun sanra. Nígbà tí oògùn tán, ìrora padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ó tún padà sórí ìgò yìí.

"Kòkòrò ti wọ inú oríkèé." Gbólóhùn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ ìwé owó wò, kí a mọ èyí tí ó ní rìsíìtì nínú rẹ̀ àti èyí tí kò ní. Àwa kì í ṣe dókítà o. A jókòó ti dókítà, a béèrè ọ̀rọ̀, a sì ka èyí tí a lè kà. Ohun tí a rí ni pé gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n òtítọ́ inú rẹ̀ kò sí ní ibi tí àwọn tí ó ta oògùn fún Ìyá Onígàrí ń wò.

ORÚKỌ KAN FÚN ÀÌSÀN PÚPỌ̀

Oríkèé ni ibi tí eegun méjì ti pàdé. Eegun rírọ̀ kan tí ó ń dán ni ó bo orí eegun kọ̀ọ̀kan. Awọ fẹ́lẹ́ kan sì yí gbogbo rẹ̀ ká bí àpò, awọ yìí a máa mú omi yíyọ̀ díẹ̀ jáde, bí a ti ń ta epo sí ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, kí irin má baà máa ha irin.

Ohunkóhun tí ó bá ṣe ibẹ̀, arọmọléegun ni a ń pè é, tàbí làkúrègbé. Orúkọ kan fún àìsàn púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí akọ̀wé bá kọ "oríṣìíríṣìí" sí iwájú ìnáwó tí kò fẹ́ ṣàlàyé. Bí a bá tú u wò, a ó rí mẹ́ta, ó kéré tán, tí ó kan ọ̀rọ̀ wa.

Orúnkún àgbàlagbà tí ó ń dùn ún bí ó bá gun òkè, tí ó sì ń dẹ̀ bí ó bá jókòó, lílò ni ìyẹn. Eegun rírọ̀ ni ó ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín wa, a kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Èkejì ni èyí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Nínú ara ẹni tí ó le, inú oríkèé mọ́, kòkòrò kì í fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà tí ó ń gbé orí awọ ara àti inú imú wa, Staphylococcus aureus ni orúkọ rẹ̀. Ó lè gba ojú egbò tàbí ojú abẹ́rẹ́ tí kò mọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì lọ dó sí oríkèé kan. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun máa ń rọra ṣe é, ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó sì fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà nínú ewu kòkòrò inú eegun àti oríkèé ju àwọn ọmọ mìíràn lọ.

Ẹ fi ara balẹ̀ ka àmì rẹ̀. Oríkèé kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jẹ́, orúnkún tàbí ìgbáròkó. Yóò wú lójijì, yóò gbóná, ibà yóò mú ẹni náà, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan ibẹ̀. Ẹni tí èyí bá ṣe, ilé ìwòsàn ni ní ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní ọ̀la, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọjà bá tú. Dókítà yóò fi abẹ́rẹ́ fa omi inú oríkèé náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, yóò fọ ọyún kúrò nínú rẹ̀, yóò sì wá apakòkòrò tí ó bá kòkòrò náà mu. Bí a bá fi falẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré ni oríkèé náà lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ̀mí pàápàá lè bá a lọ. A mọ̀ pé ìlànà ẹgbẹ́ púpọ̀ ni pé kí ìgbìmọ̀ jókòó kí owó tó jáde. Fún irú èyí, ẹ jẹ́ kí alága àti akápò fún un ní owó ná, kí ìgbìmọ̀ jókòó lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ṣe Ìyá Onígàrí. Rheumatoid arthritis ni àwọn dókítà ń pè é. Àwa ó máa pè é ní rúmátọ́ìdì. Kì í ṣe àìsàn arúgbó. Láàárín ẹni ọgbọ̀n ọdún sí ọgọ́ta ni ó sábà ń bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2019, ènìyàn bí mílíọ̀nù 18 ni ó ní in káàkiri ayé, nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí àádọ́rin ni obìnrin. Oríkèé kéékèèké ni ó ń mú, ti ìka ọwọ́, ti ọrùn ọwọ́, ti ìka ẹsẹ̀, ó sì ń mú ọ̀tún pẹ̀lú òsì. Àmì rẹ̀ tí ó dá yàtọ̀ ni òwúrọ̀. Bí ẹni náà bá jí, ọwọ́ rẹ̀ á le gan-an, kò ní lè di ìgbálẹ̀ mú, ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rọ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń jẹ nítorí lílò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tirẹ̀ fi ń rọ̀ ní òwúrọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ìrora tirẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Bí dókítà bá fa omi inú oríkèé rúmátọ́ìdì, tí ó sì wò ó bóyá kòkòrò yóò hù nínú rẹ̀, kì í hù. Ohun tí yóò rí níbẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ara wa fúnra wa, àwọn tí Ọlọ́run dá láti máa bá kòkòrò jà. Wọ́n ti kóra jọ sínú awọ fẹ́lẹ́ yẹn, wọ́n ń jà kíkan-kíkan, ìjà náà sì ń jẹ eegun. Ta ni wọ́n ń bá jà nígbà náà?

ÀWỌN TÍ Ó TI DỌDẸ KÒKÒRÒ YÌÍ RÍ

Kì í ṣe Ìyá Onígàrí ni ó kọ́kọ́ ná owó lórí ìdáhùn tí kò tọ̀nà sí ìbéèrè yìí. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1912, dókítà kan ní Chicago, Frank Billings, ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kòkòrò tí ó sá pamọ́ sí ìdí eyín tàbí sí ọ̀nà ọ̀fun ni ó ń ti ibẹ̀ lọ bá oríkèé jà. Àwọn dókítà gbà á gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ eyín. Wọ́n yọ èyí tí ó bàjẹ́, wọ́n yọ èyí tí kò bàjẹ́, wọ́n gé ẹran kékeré méjì tí ó wà ní ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀pọ̀ aláìsàn padà sílé láìní eyín lẹ́nu, oríkèé wọn sì ń wú síbẹ̀. Ó di 1938 kí Russell Cecil àti Murray Angevine tó jókòó ṣe ìṣirò lórí aláìsàn 200, tí wọ́n sì kọ ọ́ jáde pé iṣẹ́ náà kò mú àǹfààní wá fún àwọn aláìsàn. Cecil yìí ti wà lára àwọn tí ó gbà pé kòkòrò ni, ó tilẹ̀ ti kọ̀wé lé e lórí. A fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ẹni tí ó yẹ ìwé ara rẹ̀ wò, tí ó sì kéde àṣìṣe tí ó bá níbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n, àní láàárín àwọn akápò.

Ní ilẹ̀ Faransé, Jacques Forestier ronú pé rúmátọ́ìdì fara jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní 1890, Robert Koch ti Jámánì ti fi hàn pé oògùn tí a fi wúrà ṣe lè dá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ dúró nínú ìgò àyẹ̀wò. Forestier bá bẹ̀rẹ̀ sí fi wúrà gún àwọn aláìsàn oríkèé ní abẹ́rẹ́ ní 1929. Ara àwọn kan yá! Fún bí àádọ́ta ọdún, wúrà wà lára oògùn gidi tí a fi ń tọ́jú rúmátọ́ìdì. Bẹ́ẹ̀, rúmátọ́ìdì kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò sì bá a tan. Ní Sweden, Ọ̀jọ̀gbọ́n Nanna Svartz, obìnrin ni, gbà pé kòkòrò bakitéríà ni ó fà á, ó sì ní kí a so oògùn apakòkòrò pọ̀ mọ́ oògùn ìrora tí ó jẹ́ ìbátan asipirín-ìnnì. Sulfasalazine ni ohun tí ó jáde, a sì ń lò ó títí di òní.

Ẹni tí ó lágídí jù nínú wọn ni Thomas McPherson Brown ti Amẹ́ríkà. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún fún àwọn aláìsàn ní tẹtirasáíkílìnì, nítorí ó dá a lójú pé kòkòrò kan tí ń jẹ́ mycoplasma ni ó fara pamọ́ sí oríkèé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó yá, wọ́n dán ọ̀kan nínú ẹ̀yà oògùn náà, minocycline, wò lára aláìsàn 219 fún ọ̀sẹ̀ 48, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1995. Wíwú oríkèé dín kù lára ènìyàn 54 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lo oògùn náà. Ó sì dín kù lára 39 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a fún ní oògùn òfìfo. Èrè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èrè kékeré ni. Ohun mìíràn tí a rí ni pé oògùn yìí ní iṣẹ́ kejì tí kò kan pípa kòkòrò rárá: ó ń tu ìbínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, ó sì ń dá èròjà tí ń jẹ eegun rírọ̀ lọ́wọ́ kọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣẹ́ kejì yìí ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, kò tíì fi hàn pé ọ̀nà tí dẹ́rẹ́bà sọ ni ó gbà.

A sọ èyí nítorí àwọn tí yóò sọ pé, "Lágbájá lo kápúsù, ara rẹ̀ sì yá." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Minocycline náà kò sí nínú oògùn tí àwọn dókítà kọ́kọ́ ń mú fún rúmátọ́ìdì lónìí, nítorí èyí tí ó dára jù ú lọ ti wà.

ẸNI TÍ Ó PA ÀMÌ ÀPÒ DÀ

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ibi tí òtítọ́ gbólóhùn yẹn wà. Kòkòrò lè ba oríkèé jẹ́ láìdé inú rẹ̀. Èyí kì í ṣe àbá, a ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ọmọ ilé ìwé tí ọ̀fun ń dùn, tí ó jẹ́ pé kòkòrò streptococcus ni ó fà á, lè gbàgbé ọ̀fun náà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn náà, orúnkún rẹ̀ á wú, èyí á lọ, ìgbọ̀nwọ́ á wú, ọkàn rẹ̀ pàápàá lè fara gbọgbẹ́. Kòkòrò kankan kò sí nínú orúnkún náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí a rán sí ọ̀fun ni ó ṣi ènìyàn mú.

Ti rúmátọ́ìdì fara pẹ́ èyí, àpò kòkó ni a ó sì fi ṣàlàyé rẹ̀. Ní ilé ìkẹ́rùsí, àpò kọ̀ọ̀kan ní àmì ẹgbẹ́ tí ó ni ín. Ẹ̀ṣọ́ mọ àmì náà, kì í fi ọwọ́ kan àpò tí ó bá ní in. Ká ní ẹnìkan yọ́ wọlé lóru, ó fi ọ̀dà pa àmì àpò mélòó kan dà, ó sì jáde lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀ṣọ́ yóò rí àpò tí kò mọ̀, yóò ké olè, yóò sì fi ọ̀bẹ ya àpò tiwa fúnra wa. Èyí tí ó burú jù ni pé yóò kọ àmì tuntun náà sínú ìwé rẹ̀. Níbikíbi tí ó bá ti tún rí irú rẹ̀, yóò bá a jà, bí ẹni tí ó pa á dà tilẹ̀ ti kú.

Àwọn èròjà ara wa ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kan wà tí ó ń gbé inú èrìgì tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, Porphyromonas gingivalis. Ní 1999, àwọn onímọ̀ rí i pé ó ní irinṣẹ́ kan tí ó fi lè pa àmì yìí dà. Ẹ̀fín sìgá náà ń mú kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìwé tí ẹ̀ṣọ́ kọ orúkọ sí ni àwọn dókítà ń kà bí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní anti-CCP. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Netherlands lọ wo ẹ̀jẹ̀ tí àwọn aláìsàn kan ti fi tọrẹ kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Wọ́n bá a pé lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwé náà ti wà ní kíkọ fún ọdún púpọ̀ kí oríkèé kan tó wú. Ẹ̀yin ẹ wò ó: nígbà tí ìka bá ń wú, ẹni tí ó pa àmì dà lè ti lọ ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn. Kí ni kápúsù fẹ́ pa nígbà náà?

Èrìgì nìkan kọ́ o. Ìfun náà wà níbẹ̀. Ní 2010, wọ́n tọ́ irú èkúté kan tí rúmátọ́ìdì máa ń mú, wọ́n tọ́ ọ níbi tí kòkòrò kankan kò lè dé. Àìsàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ mú un. Wọ́n fi ẹyọ irú kòkòrò ìfun kan sí i lára, oríkèé bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ní 2013, ní New York, wọ́n bá kòkòrò Prevotella copri nínú ìgbẹ́ 75 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn tí rúmátọ́ìdì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí ara wọn le, bí 21 ni. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Colorado fi kòkòrò ìfun mìíràn, Subdoligranulum, fún èkúté, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ èkúté sì wú. Ní 2023, ó hàn pé lára àwọn aláìsàn tí èrìgì wọn bàjẹ́, kòkòrò ẹnu a máa já wọ inú ẹ̀jẹ̀ léraléra, àwọn ẹ̀ṣọ́ a sì dìde sí i. Nítorí náà, Billings ti ọdún 1912 kò ṣi ilé tí olè ti jáde, ibi tí olè ń lọ àti ohun tí a ó fi mú un ni ó ṣì.

Gbogbo èyí kò sọ pé ẹnikẹ́ni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ yóò ní rúmátọ́ìdì. Ọ̀pọ̀ kì í ní in. Àbímọ́ ń bẹ níbẹ̀, sìgá ń bẹ níbẹ̀, jíjẹ́ obìnrin ń bẹ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó sì gbọ́ láti ẹnu àwọn kan pé àwọn onímọ̀ ti rí èérún kòkòrò ẹnu nínú omi oríkèé aláìsàn. Òtítọ́ ni, wọ́n ti rí i. Àmọ́ bí a bá rí ìyẹ́ adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé, a kò tíì rí adìẹ. Ẹ̀jẹ̀ lè gbé èérún òkú kòkòrò wá síbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ pàápàá a máa gbé e lápò wọn kiri.

Àwọn kan ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni èyí. A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní 1993, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwé jáde pé àwọn wá rúmátọ́ìdì láàárín àwọn ará ìgbèríko kan ní Nàìjíríà, àwọn kò sì rí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ní 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufemi Adelowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé lórí aláìsàn rúmátọ́ìdì 200 tí wọ́n rí ní ilé ìtọ́jú kan ní Èkó. Ó wà láàárín wa. Àwọn dókítà tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kò pọ̀.

OHUN TÍ OWÓ YẸ KÍ Ó RÀ

Bí a kò bá lè pa ohun tí ó ti lọ, ẹ̀ṣọ́ tí ó ń ṣi ènìyàn mú ni a ó tù nínú. Iṣẹ́ tí oògùn tòde òní ń ṣe nìyẹn. Methotrexate ni olórí wọn; Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún rúmátọ́ìdì ní 1988. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń lò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́. Àwọn tí ó ṣì í lò lójoojúmọ́ ti kú. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń retí àtilóyún, ẹni tí ó bá sì ń lò ó gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nígbà tí dókítà bá dá fún un. Hydroxychloroquine, ìbátan oògùn ibà tí gbogbo wa ti lò rí, wà lára wọn pẹ̀lú. Òun ń fẹ́ kí a máa yẹ ojú wò.

Àkókò ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí oògùn gidi bá bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tí wíwú bẹ̀rẹ̀, a lè gba ọwọ́ náà là. Eegun tí ó bá ti jẹ kì í hù padà. Ìyá Onígàrí lo oṣù mọ́kàndínlógún àti ₦175,000 ti ẹgbẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ.

Ìgò tí kò ní orúkọ ńkọ́? Nígbà tí dókítà gbọ́ pé ara yá kíákíá, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì kún, ó ní ó jọ pé wọ́n po prednisolone tàbí dexamethasone mọ́ ọn. Ìdílé oògùn yìí kì í ṣe búburú. Philip Hench ni ó kọ́kọ́ lo cortisone fún aláìsàn rúmátọ́ìdì ní 1948, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e ní 1950. Dókítà a máa fi díẹ̀ rán aláìsàn lọ́wọ́ fún ìgbà kúkúrú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń mu ún láìmọ̀, ó ń gbé ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń sọ eegun di fúlẹ́fúlẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ara lè bá kòkòrò jà. Ẹni tí ó bá ti mu irú rẹ̀ pẹ́, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì nítorí pé ó ka ìwé yìí. Kí ó gbé ìgò náà lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti ẹnu, orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ àti lálẹ́ kò ná wa ní nǹkan púpọ̀. Ẹni tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kí ó jẹ́ kí dókítà eyín wò ó. Àwọn àyẹ̀wò kéékèèké ti fi hàn pé títọ́jú èrìgì lè mú kí rúmátọ́ìdì rọlẹ̀ díẹ̀; kò lè rọ́pò oògùn. Kí a má sì yọ eyín tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tí ó ń mu sìgá, ó ti mọ ohun tí a fẹ́ sọ.

Ẹgbẹ́ onígàrí náà ṣe ìpinnu kan lẹ́yìn àbẹ̀wò wa, àwa sì fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ yòókù gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé ọdọọdún wọn. Akọ̀wé kì í kọ "ìtọ́jú ara" lásán mọ́. Ó ń kọ ohun tí ó ń ṣe ẹni náà, ibi tí ó ti ń gba ìtọ́jú, àti ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá tún padà wá yáwó lórí àìsàn kan náà, ọmọ ìgbìmọ̀ kan yóò bá a lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, owó á sì bọ́ sí ọwọ́ olùgbowó ibẹ̀, rìsíìtì á padà wá sínú fáìlì. Wọn kò fi dù ú ní owó. Àwọn kan bínú pé ó jọ títú àṣírí ẹni. Ẹjọ́ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, a sì ní kí ìwé àìsàn máa wà lọ́dọ̀ akọ̀wé nìkan, kí a má ṣe kà á ní gbangba ìpàdé.

Ìyá Onígàrí ti wà lórí methotrexate fún oṣù mẹ́jọ báyìí. Wíwú náà ti lọ sílẹ̀, ó ń jí ní òwúrọ̀, ó ń gbé ìkòkò rẹ̀ kaná fúnra rẹ̀. Àwọn ìka tí ó ti yà kò padà, wọn kò sì ní padà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń yan gàrí báyìí, òun ń wọ̀n ọ́n, ó ń tà á. Gbèsè rẹ̀ ku ₦22,500, a kò sì tíì pe onídùúró kankan. Ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá, akọ̀wé gbé páàdì tàdáwà sí iwájú rẹ̀ kí ó tẹ̀ka. Ó ní kí wọ́n gbé e kúrò, ó sì gba bírò.